Ọkọ Ìyàwó Kan, Fóònù Méjì

Ojú ìwé mẹ́rin péré ni wọ́n fi da ìfẹ́ ọdún mẹ́ta rú.

Ànísà tẹ́ wọn sórí tábìlì Kìtán ní òwúrọ̀ Àlàrùbá, ó sì yára fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó gbé àkeekèé sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú. Síbẹ̀, ó lé tìróò, ó sì we ìborùn rẹ̀ dáadáa, bí ọmọbìnrin tó ti pinnu pé òun ò ní sunkún níwájú àlejò.

"Tantie, ẹ kà á," ni ó wí. "Tó bá jẹ́ irọ́, ẹ sọ fún mi. Tó bá jẹ́ òótọ́, ẹ ṣáà sọ fún mi. Ó ti sú mi kí àwọn èèyàn máa fi ojú àánú wò mí."

Ọláolúwakìtán ni wọ́n sọ ọ́ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ní Siporex, àdúgbò kan ní Yopougon ní Abidjan, Kìtán ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣe ìwádìí fún ilé iṣẹ́ adójútòfò kan kí ó tó kọjá wá sí Abidjan. Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ni ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹrù tó sọnù lójú ọ̀nà, ọmọọṣẹ́ tó gbé kọ́kọ́rọ́ sá lọ, irú ìyẹn ni àwọn oníṣòwò máa ń gbé tọ̀ ọ́ wá. Kò sẹ́ni tó tíì gbé ìfẹ́ tó sọnù wá rí.

Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Cœur-Net ló sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. "Sujet" ni wọ́n kàn ń pe ẹni tí wọ́n ṣọ́, látòkè délẹ̀. Wọ́n ní sujet yìí ní fóònù méjì. Ojú ìwé kejì sọ gbogbo ibi tí fóònù àkọ́kọ́ rìn dé, ojú ìwé kẹta sì sọ ti èkejì: ní gbogbo Àtàláátà àti Àlàmísì, láti aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ sí aago mẹ́jọ, inú àgbàlá kan ní Attécoubé ló máa ń wà. Ọ̀rọ̀ ìparí wọn kúrú. Ó ń gbé ayé méjì. Kò ṣé fọkàn tán.

"Àlàmín ni wọ́n ń sọ," ni Ànísà wí. "Yìgì wa di ọjọ́ Àìkú. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti wọkọ̀ ní Ìgbòho láàárọ̀ yìí. Bàbá mi ní tí àwọn bá ti kírun Jímọ̀ tán, àwọn á pè wọ́n lójú ọ̀nà pé kí wọ́n padà sílé."

"Kí ni Àlàmín fúnra rẹ̀ wí?"

"Ó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

"Ṣé o gbà á gbọ́?"

Ànísà wo ojú fèrèsé. Nísàlẹ̀, ẹnì kan ń kígbe pe èrò Adjamé.

"Lọ́sàn-án, mo máa ń gbà á gbọ́. Tó bá di alẹ́, màá tún mú ìwé yẹn kà."

Kìtán mọ irú alẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ kóòdù fóònù ọkùnrin kan rí, Ìfẹ́dayọ̀, ó sì ka ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ látorí délẹ̀. Kò rí obìnrin kankan. Ohun tó rí ni ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà kọ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀: Mo fẹ́ràn Kìtán, ṣùgbọ́n kò fọkàn tán mi. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí ìfẹ́ ọ̀hún fi kú.

"Fi ìwé yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi," ó wí. "Títí di Jímọ̀, má kà á mọ́."

*

Abẹ́ àtíbàbà kan lẹ́yìn ọjà Siporex ni Àlàmín ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga ni, ọwọ́ rẹ̀ kún fún gírísì, ojú rẹ̀ sì ti jìn wọnú bí ojú ẹni tí kò sùn.

"Fóònù mélòó lo ní?" Kìtán ò tilẹ̀ kí i.

"Ẹyọ kan ni, Àǹtí." Ó yọ ọ́ lápò. Ojú fóònù náà ti sán yánnayànna. "Ẹ wò ó, kódà kò pé ẹyọ kan."

"Àwọn kan ní méjì ni."

"Ẹni tó ń tọ́jú owó yìgì ló fẹ́ ra fóònù méjì? Ẹ dákun."

"Ta lo mọ̀ ní Attécoubé?"

"Mi ò mọ Attécoubé ju ibi tí ọkọ̀ ń gbà kọjá lọ."

Fóònù náà ṣàdédé pe ìrun lọ́wọ́ rẹ̀. Àlàmín rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí ló fi áàpù yìí sí fóònù gbogbo wa nígbà ààwẹ̀ èṣí, àtàgbà àtọmọdé. Ó ń sọ àkókò ìrun, ó sì ń júwe ibi téèyàn máa kọjú sí."

"Ìyẹn ni pé ó mọ ibi tí o wà."

"Tí kò bá mọ ibi tí mo wà, báwo ló ṣe fẹ́ júwe?"

Kìtán kọ nǹkan kan sínú ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀. "Ní Àlàmísì tó kọjá, ní nǹkan bí aago méje ìrọ̀lẹ́, níbo lo wà?"

Kí Àlàmín tó lanu, Rokia, aránṣọ ọmọ Jùlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ti dá a lóhùn ní Faransé: ẹ̀rọ òun ló ń tún ṣe, òun ò sì jẹ́ kí ó dìde títí aago mẹ́jọ fi kọjá. "Ká ní ó fẹ́ tọ̀, ǹ bá ní kó tọ̀ síbí!"

Àlàmín bo ojú. Kìtán fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹ̀rí aládùúgbò máa ń rọ̀ ju òwú lọ. Ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ Rokia níwájú ìwé tó ní òǹtẹ̀?

"Ta ni inú rẹ̀ máa dùn tí yìgì yìí bá bàjẹ́?"

Àlàmín nu gírísì ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà. "Idrissa," ó wí níkẹyìn. "Ó tọrọ Ànísà léṣìí, wọn ò fún un. Ṣọ́ọ̀bù méjì ló ní."

Ó dà bíi pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kìtán pe Idrissa kí ó tó dé ọ́fíìsì. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín: Bouaké ló wà, oṣù mẹ́fà rèé tó ti gbéyàwó, ìyàwó rẹ̀ sì ti lóyún. Ohùn obìnrin kan gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ta ni Ànísà?" Kìtán yára pa fóònù rẹ̀.

*

Mọ́síùrá ni alárinà yìgì náà. Ilé rẹ̀ ní Niangon ló ti ń ta tùràrí àti ìborùn, òun ló sì ti so tọkọtaya mọ́kànlá pọ̀ láàárín àwọn ará Ṣakí, Ìgbòho àti Ìsẹ́yìn tó wà ní Yopougon. Kò sẹ́ pé òun ló ra ìwé náà.

"Ìwádìí ni," ó wí. "Ṣé wọn kì í ṣèwádìí nílé yín ni? Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi mí fọ́kọ, bàbá mi rán èèyàn mẹ́ta sí ìlú ọkọ mi. Ṣé wọ́n ń jalè nídìílé wọn? Ṣé wọ́n ń ṣe wèrè? Ṣé ìyá rẹ̀ lẹ́jọ́? Ní báyìí, Ìgbòho jìnnà. Ta ni màá rán? Mo fún àwọn Cœur-Net ní nọ́ńbà ọmọ náà, wọ́n fún mi ní ìwé. Nígbà náà ẹnu la fi ń ṣe é, nọ́ńbà la fi ń ṣe é báyìí."

"Nígbà tí ẹ fi ń fẹnu ṣe é, ẹ máa ń rí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀."

"Ìwé kì í purọ́."

"Ìwé kì í purọ́, Màmá, ṣùgbọ́n ẹ ò lè bi í ní ìbéèrè kejì."

Mọ́síùrá pòṣé. Kìtán jẹ́ kí ó pòṣé tán. "Ta ló ka ìwé náà fún Alájì Ràímì, bàbá Ànísà?"

"Èmi ni. Ó ní ìgò ojú òun wà nílé. Mo ka ìparí rẹ̀ fún un, mo sì sọ ibi tí fóònù kejì ń lọ. Kí ni mo fẹ́ fi nọ́ńbà àti máàpù ṣe?"

"Kí ni Alájì wá sọ?"

"Ó dákẹ́ ni. Ó ní, 'Attécoubé?' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Àtàláátà àti Àlàmísì. Ló bá jókòó. Mo ní ẹ jẹ́ kí n kó obìnrin méjì dání, ká lọ wo irú obìnrin tó wà níbẹ̀. Àfi bó ṣe pariwo mọ́ mi! Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀."

Kìtán gbé gíláàsì omi tí wọ́n fún un sílẹ̀. Alájì Ràímì, alága àwọn ará Ṣakí ní Siporex, tí í ta ẹ̀yà ara alùpùpù, tí kì í ra bọ́ọ̀tì kan ṣoṣo láìbéèrè ibi tí wọ́n ti rọ ọ́. Ọkùnrin yẹn náà ló gbọ́ pé ọkọ ọmọ òun ní obìnrin síta, tí kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kan?

*

Ní òwúrọ̀ Àlàmísì, Kìtán fi máàpù inú ìwé náà wá àgbàlá ọ̀hún. Attécoubé gun òkè, ó sì tún rọ̀ lọ sí ọ̀sà, ilé lé ilé lórí. Ọ̀nà tóóró kan ló gbà sọ̀ kalẹ̀, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń ta ọsàn.

"Ǹjẹ́ ọmọ Nàìjíríà kan máa ń wá sí àgbàlá yẹn?"

"Ti mardi àti jeudi?" Àtàláátà àti Àlàmísì ló ń sọ ní Faransé. "Ó máa ń wá. Ó máa ń ra ọsàn lọ́wọ́ mi fún obìnrin inú ilé. Kì í dúnàádúrà."

Kìtán sún mọ́ ọn. "Ṣé ọmọdé ni àbí àgbà?"

"Ṣé mo máa ń wo ojú ni? Ó ń dé fìlà, ó ń sanwó."

Noémie ni obìnrin inú ilé náà ń jẹ́, òun ló ṣílẹ̀kùn fún Kìtán. Yóò tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó rẹwà, irú ẹwà tí kò mọ̀ pé òun rẹwà, ìyẹn sì tún dun Kìtán jù. Nǹkan funfun kan lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀, ó ń nù ún mọ́ ìró. Bẹ́ǹṣì mẹ́rin wà nínú àgbàlá náà, gbogbo wọn dojú kọ ògiri kan ṣoṣo tí wọ́n fi aṣọ bò.

"Ọkùnrin tó ń wá sọ́dọ̀ yín," Kìtán bẹ̀rẹ̀ ní Faransé, "kí ló ń jẹ́?"

"Mo ti ṣèlérí fún un pé mi ò ní dárúkọ rẹ̀."

"Ọmọbìnrin kan fẹ́ fẹ́ ẹ lọ́jọ́ Àìkú."

Noémie la ojú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé e, ó rín in títí ó fi ń wúkọ́. "Fẹ́ ẹ? Yako, madame, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹni tó rán yín níṣẹ́ yìí kò fẹ́ràn yín."

"Ṣé ọ̀rẹ́kùnrin yín kọ́ ni?"

"Ẹ lọ bi òun fúnra rẹ̀. Èmi, orúkọ àwọn tó ń wọlé mi kì í ṣe ọsàn tí wọ́n ń pàtẹ sójú títì."

Ó ti ilẹ̀kùn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Kìtán dúró síta. Ó mọ ẹ̀rín obìnrin tí wọ́n ká mọ́. Ẹ̀rín yẹn kọ́ nìyí.

*

Ọ́fíìsì Cœur-Net wà ní Plateau, lókè ilé gíga kan, atẹ́gùn inú rẹ̀ tutù bí inú fíríìjì. Olivier, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kìtán ní òun fẹ́ lọ́kọ, òun sì fẹ́ mọ irú ẹni tí àfẹ́sọ́nà òun jẹ́. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ló fún un, ó pè é ní ti ọkùnrin náà.

Olivier tẹ kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀, ó sì mi orí pẹ̀lú àánú.

"Siporex ló ń gbé, madame. Kò burú. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ní aago mẹ́rin, ó máa ń lọ sí etí ọ̀sà, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé èrò. Wákàtí kan gbáko. Kì í wọkọ̀. Ẹnì kan ló ń dúró dè. Ẹ ṣọ́ra fún un."

Ara Kìtán gbóná nínú òtútù náà. Etí omi yẹn ni Ìfẹ́dayọ̀ ti wọkọ̀ lọ tí kò wẹ̀yìn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé òun máa ń lọ jókòó síbẹ̀. Ó dà bíi pé wọ́n ṣílẹ̀kùn ká a mọ́ ibi tó ti ń wẹ̀.

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Lọ́dọ̀ àwọn alábàáṣe wa. Áàpù tọ́ọ̀ṣì, áàpù eré, áàpù ìrun. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ olówó fóònù, ó sì tẹ 'mo gbà'."

"Ó kà á kó tó tẹ̀ ẹ́?"

"Ta ló ń kà á, madame?"

"Tó bá wá ní fóònù kejì tó fi pa mọ́ ńkọ́?"

"Áà, ibẹ̀ la ti dáńtọ́! Ìjọba ti ní kí gbogbo láìnì ní orúkọ olówó rẹ̀. A máa wo orúkọ tó wà lórí nọ́ńbà tí ẹ fún wa, a ó sì wá nọ́ńbà mìíràn tó bá ń jẹ́ orúkọ yẹn; tó bá ju ẹyọ kan lọ, èyí tó pẹ́ jù la ó mú. Orúkọ kan, èèyàn kan."

"Ẹ̀yin ò wá kọ orúkọ náà sínú ìwé?"

Ojú Olivier fi hàn pé ìbéèrè náà dùn ún. "Rárá o, madame. A máa ń bọ̀wọ̀ fún àṣírí àwọn èèyàn."

*

Kìtán padà sí yàrá rẹ̀, ó sì fa ojú ìwé kejì àti ìkẹta ya kúrò lára ara wọn. Ó tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Láti ọjọ́ tí ìwé náà ti dé, ṣe ni gbogbo èèyàn ń kà á bí ìtàn, ojú ìwé kan lẹ́yìn èkejì. Kò sẹ́ni tó kà wọ́n pa pọ̀. Àlàmísì tó kọjá, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ: fóònù àkọ́kọ́ wà ní Siporex. Ó fi ìka fa ìlà kọjá sí ojú ìwé kẹta. Ọjọ́ kan náà, ìṣẹ́jú kan náà: fóònù kejì wà ní Attécoubé. Ó wo Àtàláátà. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó wo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ náà ni.

"Yálà ọmọkùnrin yìí lè fò," ó wí fún ara rẹ̀, "tàbí fóònù méjì yìí ní olówó méjì."

Ta wá ni olówó èkejì? Ìwé náà sọ pé Niangon ni fóònù ọ̀hún máa ń sùn, ó sì fi àmì pupa kan sórí máàpù. Kò sẹ́ni tó wádìí àmì náà, kò sì yani lẹ́nu. Ta ló ń fi máàpù wá ilé ní Yopougon? Ẹ̀yìn ilé ìtajà oògùn, iwájú ibi tí wọ́n ti ń yan adìẹ, géètì kẹta, bí wọ́n ṣe ń júwe ilé nìyẹn. Kìtán wọ takisí. Nígbà tí ọ̀nà kò gba mọ́tò mọ́, ó bọ́ọ́lẹ̀, ó sì ń tẹ̀lé àmì náà lórí fóònù rẹ̀ títí ó fi dé iwájú géètì aláwọ̀ ewé kan. Ó kanlẹ̀kùn. Ó ń ro ohun tí yóò sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá jáde.

Ànísà ló ṣílẹ̀kùn.

"Tantie Kìtán! Ta ló júwe ilé wa fún yín?"

Kìtán yára fi fóònù sínú báàgì. "Mo ń kọjá lọ ni," ó wí. "Òùngbẹ ló ń gbẹ mí. Ṣé Bàbá wà nílé?"

"Wọ́n ti lọ sí ìpàdé àwọn àgbà. Ẹ mọ̀ pé Àlàmísì lónìí. Àtàláátà àti Àlàmísì ni wọ́n máa ń ṣe é."

Ó lọ bu omi wá. Kìtán mu ún tán. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ó dúró sábẹ́ igi máńgòrò kan, ó sì pe Àlàmín.

"Orúkọ ta ló wà lórí láìnì rẹ?"

Àlàmín rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ta ló ní láìnì lórúkọ ara rẹ̀ láàárín wa? Nígbà tí mo dé, mi ò ní káàdì kankan. Bàbá Ànísà ló gbà mí sílé, káàdì wọn ni wọ́n fi rà á fún mi. Gbogbo ẹni tó bá ti dé tuntun ni wọ́n máa ń ṣe é fún."

Orúkọ kan, èèyàn kan. Olivier ò mọ àwọn ará Ṣakí.

*

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, Alájì Ràímì nìkan ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láàárín táyà àti ṣéènì alùpùpù. Kìtán kúnlẹ̀ kí i, ó sì na ìwé náà sí i.

Alájì tọwọ́ bọ àpò. "Ìgò ojú mi..."

"Alájì, ẹ má wulẹ̀ wá a. Mo rí ṣọ́ọ̀kì lára ìka Noémie. Mo rí bẹ́ǹṣì. Ògiri tí wọ́n faṣọ bò yẹn, pátákó ìkọ̀wé ló wà níbẹ̀, àbí?"

Ọkùnrin náà jókòó sórí páálí kan. Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé ni, ó sì jókòó bí ọmọ tí wọ́n bá nídìí ọbẹ̀.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Kò sẹ́ni kankan."

Alájì rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo kéwú. Mo lè ka Kùránì látòkè dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n tiwọn yìí, A, B, mi ò mọ̀ ọ́n. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọmọ mi! Wọ́n ń kó ìwé wá bá alága, alága ń wá ìgò ojú. Ọmọ ìlú mẹ́rìnlá ni mo fi orúkọ mi ra láìnì fún. Mo ń tẹ̀ka sí ohun tí mi ò lè kà. Mo ní kí n tó fa ọmọ mi lé ọkọ lọ́wọ́, màá ka ìwé tí wọ́n bá ní kí n fọwọ́ sí."

"Àwọn tó mọ̀wé náà ń tẹ̀ka láìkà á, Alájì. Èmi náà wà nínú wọn." Ó jókòó tì í. "Nígbà tí Màmá Mọ́síùrá pe Attécoubé, kí lẹ rò?"

"Mo rò pé ọmọ náà ń tẹ̀lé mi ni. Mo ní ó ti mọ àṣírí mi. Ẹni tó ń ṣọ́ bàbá ìyàwó kó tó fẹ́yàwó, kí ló máa ṣe tó bá fẹ́ ẹ tán?"

"Kò sẹ́ni tó tẹ̀lé yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé ẹni tó ń ṣọ́ yín sápò. Áàpù ìrun yẹn ni."

Alájì yọ fóònù rẹ̀, ó sì gbé e sórí táyà kan níwájú rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀. "Ìyàwó mi ò mọ̀. Ọmọ mi ò mọ̀. Àwọn tí mi ò rí rí ló mọ̀. Ṣé a lè gbà á padà lọ́wọ́ wọn?"

"Mo pe ọlọ́pàá kan tí mo mọ̀. Ó ní òfin wà fún un. Ṣùgbọ́n olówó láìnì ni yóò wá, yóò sọ ibi tó ń lọ àti ohun tó ń wá lọ síbẹ̀, wọn á kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì fọwọ́ sí i."

"Ìyẹn ni pé àfi kí n tú àṣírí mi kí wọ́n tó lè bá mi bò ó." Ó mirí. "Kí lo fẹ́ sọ fún Ànísà?"

"Pé ìrìn Attécoubé kì í ṣe ti Àlàmín. Ti ta ni? Iṣẹ́ tó gbé fún mi kò dé ibẹ̀."

"Ṣé ó máa gbà ọ́ gbọ́?"

Kìtán ò fẹ́ purọ́ fún un. "Mi ò mọ̀, Alájì."

*

Lẹ́yìn ìrun, wọ́n péjọ sí pálọ̀ ní Niangon: Alájì àti ìyàwó rẹ̀, Ànísà, Mọ́síùrá, Kìtán. Àlàmín dúró sí ẹnu ọ̀nà, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí ó jókòó.

Kìtán fi ojú ìwé kejì àti ìkẹta hàn wọ́n. Ó ṣàlàyé ìṣẹ́jú kan náà, ibi méjì. "Fóònù tó ń lọ sí Attécoubé kì í ṣe ti Àlàmín."

"Ti ta ni nígbà náà?" ni Mọ́síùrá wí. "Ẹ dárúkọ rẹ̀!"

"Mi ò ní dárúkọ rẹ̀."

Mọ́síùrá pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ mi ná! Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí kò mọ orúkọ olè!"

"Mo mọ̀ ọ́n, Màmá. Kì í ṣe olè."

"Ó ti di ààlọ́ nìyẹn. Orúkọ kan ló wà lórí nọ́ńbà, àwọn Cœur-Net ò lè ṣàṣìṣe. Ọmọ yìí ti fún un ní rìbá!"

Ojú gbogbo wọn yí sí Àlàmín. Ànísà náà wò ó. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ojú rẹ̀ hàn, Àlàmín sì rí i. Ó tẹ orí ba. Ó ń yí fìlà ọwọ́ rẹ̀ po.

Alájì náà rí i.

"Ẹ kó ìwé yẹn wá," ó wí.

"Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín, Alájì, ìgò ojú yín..."

"Mo ní ẹ kó o wá."

Ó gbé ojú ìwé kẹta sórí eékún. Ó fi ìka ìlábẹ̀ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

"Su... jet," ó wí. "Sujet." Ìka náà sún díẹ̀. "Té... lé... phone. Deux."

Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mar... di. Jeu... di." Ó dúró, ó gbé itọ́ mì, ó tún padà sí ọ̀rọ̀ náà. "At... té... cou... bé."

Ó gbé ojú sókè. "Èmi ni. Èmi ni mo ń lọ síbẹ̀. Ohun tí ẹ gbọ́ yìí ni mo lọ kọ́."

"Subuhánálláhì," ni Mọ́síùrá wí pẹ́lẹ́.

Alájì kò wo ojú rẹ̀. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni ìka rẹ̀ wà báyìí. "Peu... fi... fi..." Ọ̀rọ̀ náà dí i lọ́nà. Ànísà kúrò lórí àga, ó kúnlẹ̀ tì í, ó sì fi ìka tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá rẹ̀.

"Fiable, papa."

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Wọ́n ní ẹ ò ṣé fọkàn tán."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Alájì, omi sì wà lójú rẹ̀. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Àlàmín. Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo rò pé ò ń ṣọ́ mi, mo sì fẹ́ gba ọmọ mi lọ́wọ́ rẹ torí ìyẹn. Dárí jì mí."

Àlàmín ti dọ̀bálẹ̀ kí ó tó sọ ọ́ tán. "Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Dìde, kí o jókòó. Ta ló ní kí o dúró láti àárọ̀? Níbo làwọn èèyàn rẹ dé?"

"Wọ́n ti dé Accra."

Alájì mú fóònù, ó jáde sí àgbàlá láti pè wọ́n. Ànísà tẹ̀lé Àlàmín lọ sí ìdí fèrèsé. Kìtán kọ ẹ̀yìn sí wọn, ṣùgbọ́n yàrá náà kò fẹ̀.

"Mo ti ya fọ́tò ìwé yẹn sí fóònù mi," ni Ànísà wí. "Tantie ní kí n má kà á. Mo tún kà á lálẹ́ àná."

"Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ojú rẹ." Àlàmín kọjú sí i. "Ànísà, ohun tí o bá fẹ́ mọ̀ nípa mi, èmi ni kí o máa bi."

Ànísà gbé ojú sókè. Tìróò ọjọ́ náà ti ṣàn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ṣé o ṣì ń fẹ́ mi?"

Láti ìta, ohùn Alájì ń dún lórí ògiri: "Rárá, kò sí nǹkan kan! Mo ní ẹ máa bọ̀! Ẹ sọ fún dírébà kó má sùn o!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Àlàmín wí. "Ó dùn mí, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni."